Oúnjẹ Alẹ́ Àyájọ́ Ìgbéyàwó ní Èkó: Bí Ètò Rẹ̀ Ṣe Ń Lọ

Oúnjẹ alẹ́ àyájọ́ ìgbéyàwó ni èyí tí tọkọtaya máa ń jáde lọ jẹ, àwọn méjèèjì nìkan, ní ìrántí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ra. Ó yàtọ̀ sí àríyá. Kò sí aṣọ ẹbí níbẹ̀, kò sí alága ìdúró tàbí alága ìjókòó, ẹnikẹ́ni kì í sì í náwó lé olórin lórí. Oúnjẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà ń rà gan-an ni wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn méjì yóò fi jókòó sọ̀rọ̀ láìsí ọmọ tó ń pè, láìsí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Ní ìlú bí Èkó, irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kì í sì í ṣàdédé wá. Ìdí nìyí tí ó fi gba ètò.

Ibi tí àṣà náà ti wá

Ìlànà pọ̀ nínú ìgbéyàwó Yorùbá: ìtọrọ, ìdána, ẹkún ìyàwó, fífọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti máa rántí rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń fi ọjọ́ orí àkọ́bí mọ iye ọdún tí ìyàwó ti lò nílé ọkọ. Ohun tí yóò ní àyájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní déètì, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti kóòtù ló sì mú déètì náà wá. Èkó ti ní òfin ìgbéyàwó tí ìjọba ṣe láti ọdún 1884. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ìgbéyàwó ti di ohun tí a kọ sílẹ̀, tí a lè ṣírò. Ṣíṣe júbílì fàdákà fún ọdún 25 àti ti wúrà fún ọdún 50 sì tẹ̀ lé e.

Ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni irú èyí tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1760. Ṣáájú ìgbà náà, arìnrìn-àjò tó bá wọ ilé èrò ní Yúróòpù máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn àlejò yòókù ní tábìlì kan náà, wọn a sì jẹ ohun tí onílé bá sè, ní àkókò tí onílé bá fẹ́. Ilé oúnjẹ tuntun náà mú ohun mẹ́ta wá: tábìlì ara ẹni, mẹ́nù tí iye owó wà lára rẹ̀, àti òmìnira láti wá nígbà tó bá wuni. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ló sọ oúnjẹ ìta di ohun tí tọkọtaya lè fi ṣe ayẹyẹ.

Ìdí kan náà ni kì í jẹ́ kí bùkà rọrùn láti lò fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé oúnjẹ bùkà kò dára. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì tí wọ́n ń bù ní ọ̀pọ̀ bùkà Èkó dùn ju ti àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá lọ. Ṣùgbọ́n a ṣe bùkà kí ènìyàn lè tètè jẹ kó sì dìde fún ẹlòmíràn. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹni tó bá sì jókòó pẹ́ lẹ́yìn tó jẹun tán ti gba àyè oníbàárà mìíràn.

Yíyan ọjọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọjọ́ àyájọ́ gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ jáde. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sàn nígbà mìíràn kí wọ́n má ṣe é lọ́jọ́ náà. Sátidé ni ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó máa ń wáyé, àmọ́ àyájọ́ kì í dúró sí Sátidé. Ìgbéyàwó tó wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ní àyájọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ní 2020, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní 2021, Ọjọ́rú ní 2022, àti Ọjọ́bọ̀ ní 2023. Ní 2024 tí oṣù Kejì ní ọjọ́ 29, ó fo ọjọ́ Ẹtì kọjá, ó sì padà sí Sátidé.

Oṣù Kejìlá ló le jù. Ìgbà náà ni ìgbéyàwó pọ̀ jù ní Èkó, nítorí náà ìgbà náà ni àyájọ́ pọ̀ jù pẹ̀lú. Ìgbà yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé lókè òkun ń rọ́ wálé, tí òde orin ń wáyé lálaalẹ́, tí ilé oúnjẹ ń kún àkúnya, tí ojú ọ̀nà sì ń dí títí di òru. Tọkọtaya tí àyájọ́ wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ọdún yóò rí ìtọ́jú tó dára jù bí wọ́n bá sún un sí ìparí oṣù Kìíní, nígbà tí tábìlì ṣófo, tí alásè sì ráyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ olólùfẹ́: ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í lo mẹ́nù wọn gan-an lọ́jọ́ náà, mẹ́nù pàtàkì olówó gọbọi ni wọ́n máa ń gbé jáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló fara balẹ̀ jù. Àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń tì ní ọjọ́ Ajé, nítorí náà ó yẹ kí a béèrè. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹra fún.

Ọ̀nà àti afárá

Ẹni tó bá ń yan ilé oúnjẹ ní Èkó ń yan ọ̀nà pẹ̀lú. Afárá mẹ́ta ló so Erékùṣù Èkó mọ́ ìhà Yábàá, Sùúrùlérè àti Ìkẹjà: Carter tí wọ́n ṣí ní 1901, Afárá Èkó tó tẹ̀ lé e, àti Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní Marina, Ìkòyí àti Victoria Island tí wọ́n ń sùn ní òdìkejì afárá. Láàárọ̀, wọ́n á rọ́ wọ Erékùṣù. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á rọ́ jáde. Nítorí náà, tọkọtaya tó ń gbé ní Gbàgádà tàbí Màrílánídì, tí wọ́n sì fẹ́ jẹun ní Ìkòyí ní aago méje alẹ́, ń lọ ní òdìkejì ibi tí èrò ń lọ. Àwọn tó ń gbé ní Ìkòyí tí wọ́n sì yan Ìkẹjà GRA ni yóò bá gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Ìlànà yìí kò dé Lẹ́kì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ló ń gbé ní Lẹ́kì àti Ajah, ọ̀nà wọn sì ń dí nírọ̀lẹ́ ní ìhà ibẹ̀. Ẹni tó ti òkè afárá wá sí Lẹ́kì yóò kọjá lórí Third Mainland wẹ́rẹ́, yóò wá há nígbà tó ku díẹ̀ kó débẹ̀. Afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013 máa ń gé ìrìn náà kúrú, owó ibodè rẹ̀ sì yẹ kó wà nínú ìṣirò.

Àbá tó wúlò jù ni pé kí a yan ibi tó sún mọ́ ilé, tàbí kí a jáde ní kùtù, kí a sì fi wákàtí tó ṣẹ́ kù ṣe nǹkan mìíràn nítòsí. Terra Kulture ní òpópónà Tiamiyu Savage, Victoria Island, fún àpẹẹrẹ, ní ilé oúnjẹ ilẹ̀ wa, ilé ìtàwé àti gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé nínú ọgbà kan náà. Tọkọtaya lè débẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n wo eré, kí wọ́n tó jókòó jẹun. Wọ́n kàn ní láti béèrè aago tí eré máa ń parí àti aago tí ilé ìdáná máa ń tì.

Mímọ ilé oúnjẹ tó yẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífi fọ́tò orí Instagram yan ibi tí a óò lọ. Fọ́tò máa ń fi ògiri, òdòdó àti àwo hàn. Kò lè fi ariwo hàn. Ariwo sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún alẹ́ yìí. Ilé oúnjẹ tó tutù ní ọ̀sán lè ní díjéè láti aago mẹ́jọ, ẹni méjì kò sì ní gbọ́ra wọn mọ́. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí ọ̀kan nínú wọn yà síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ lásán, ní aago tí wọ́n ń gbèrò, kó mu ohun mímu kan, kó sì fetí sílẹ̀. Yóò rí bí iná ṣe mọ́lẹ̀ sí, bóyá jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́bàá fèrèsé, àti tábìlì wo ló jìnnà sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fún àwọn tó ń ṣe ọdún 40 tàbí 50, àtẹ̀gùn jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Àwọn kan lára ibi tó lẹ́wà jù ní Èkó wà lórí òrùlé, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ agbéniròkè máa ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan tún gbà pé oúnjẹ òyìnbó tàbí ti Ṣáínà nìkan ló bá irú ọjọ́ náà mu. Ìgbàgbọ́ yìí ti ń yẹ̀. Yellow Chilli ti pẹ́ tó ti ń fi tábìlì títẹ́ gbé oúnjẹ ilẹ̀ wa kalẹ̀ ní Èkó. NOK by Alara, tí wọ́n ṣí ní Victoria Island ní 2015, ń da oúnjẹ oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ ní ọ̀nà tuntun. Kò sí ohun tó burú nínú kí a fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò ṣe ayẹyẹ ìgbéyàwó tó jẹ́ pé òun náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Gbígba tábìlì sílẹ̀

Gbígba tábìlì sílẹ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín ẹni méjì. Ilé oúnjẹ kò ní fún ẹlòmíràn ní àyè náà. Oníbàárà yóò sì dé ní àkókò. Tábìlì kan kì í gbà ju ẹgbẹ́ oníbàárà kan tàbí méjì lọ lálẹ́ kan. Bí àwọn tó gbà á kò bá wá, owó alẹ́ yẹn ti lọ, ẹja tí wọ́n ti yọ́ sílẹ̀ kò sì ní padà di yìnyín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ fi ń gba àsansílẹ̀. Àwọn oníbàárà kan máa ń bínú sí i bí ẹni pé wọ́n fi wọ́n pe olè, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gba àyè sílẹ̀ tí wọn kì í yọjú ló fà á.

Kí a tó san án, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó oúnjẹ, ọjọ́ wo ló kẹ́yìn tí a lè yí ètò padà láìpàdánù rẹ̀, àti ìṣẹ́jú mélòó ni wọn yóò dúró bí ọ̀nà bá dí. Àwọn ilé kan máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 15, àwọn mìíràn 30. Ó tún yẹ kí a béèrè bóyá wọ́n fi gbèdéke sí ìjókòó, nítorí àwọn ilé tó lérò máa ń ní kí oníbàárà dìde lẹ́yìn wákàtí méjì. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló yẹ kó wà lórí àkáǹtì tí a sanwó sí. Bí orúkọ ẹnìkan bá jáde nígbà tiransífà, kí a kọ́kọ́ pe ilé oúnjẹ lórí nọ́ńbà tó wà lára pátákó rẹ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì ń ṣí ojú ewé ayédèrú ní orúkọ àwọn ilé oúnjẹ tó lókìkí.

Ìdáhùn “a ti rí i” lórí fóònù kò tíì di àdéhùn. Àdéhùn ni èyí tó dárúkọ oníbàárà, ọjọ́, aago, iye ènìyàn àti ibi tí tábìlì wà. Kí a pè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí a sì mọ orúkọ ẹni tó dáhùn. Ó dára kí a sọ pé àyájọ́ ìgbéyàwó ni. Kì í ṣe nítorí ẹ̀bùn kéèkì. Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ irú tábìlì tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀.

Mẹ́nù àti bí oúnjẹ ṣe ń wá

Ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ jù nípa ilé oúnjẹ ńlá ni pé oúnjẹ wọn kéré. Ní ibi àríyá, àwo tó kún ni àmì ọ̀yàyà. Ní oúnjẹ alẹ́ onípele, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwo ń wá: ohun kékeré láti fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ gan-an, lẹ́yìn náà ohun dídùn. Àpapọ̀ wọn ni oúnjẹ. Ẹni tó bá fi àwo àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ ti yára jù. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ilé oúnjẹ púpọ̀ ń gbé ohun gbogbo wá bó bá ṣe jinná, ọbẹ̀ ata lè dé lẹ́yìn ìrẹsì. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá ní ìpele gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tó ń pàṣẹ oúnjẹ, kó ní kí wọ́n má gbé èyí tó kàn wá títí wọn yóò fi kó àwo ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ara kò gbà ni kí a sọ nígbà tí a ń gba tábìlì, kó má jẹ́ ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé kò lè fi ojú lásán dá a mọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wa, nítorí gígún ni wọ́n ń gún un sí i. Bí ó bá ní “mi ò fẹ́ edé”, wọ́n lè rò pé èyí tó tóbi nìkan ló ń wí. Kó sọ ọ́ gbangba pé edé gígún wà lára ohun tí òun ń wí, àti pé àìsàn ló ń fà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà, tó wà nínú ata súyà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè béèrè kí iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn dínkù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti rẹ sínú èròjà láti àárọ̀ kò ṣeé yí padà lálẹ́. Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ra yóò béèrè nípa ẹran àti nípa ọtí nínú ọbẹ̀ òyìnbó.

Ẹja odindi ni oúnjẹ tó ń yani lẹ́nu jù nígbà ìsanwó. Ní ibi púpọ̀, bó ṣe tóbi sí ni iye rẹ̀ ṣe rí, kò sì sí lára mẹ́nù. Kí a béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná.

Bí bíìlì ṣe ń ga

Ibí ni àìgbọ́raẹniyé pọ̀ sí jù. Iye tó wà lára mẹ́nù kì í sábà jẹ́ iye tí oníbàárà yóò san. Ohun mẹ́ta ló máa ń gùn ún. Èkíní ni VAT, owó-orí ìjọba àpapọ̀, tó di ìdá 7.5 nínú 100 láti oṣù Kejì ọdún 2020. Èkejì ni owó-orí tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí ilé ìtura àti ilé oúnjẹ lábẹ́ òfin ọdún 2009, tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ẹ̀kẹta ni owó iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé fi sí ìdá 10 nínú 100. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọba. Ilé oúnjẹ kàn ń gbà á ni. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Bí oúnjẹ àti ohun mímu bá jẹ́ ₦100,000 lórí mẹ́nù, owó iṣẹ́ yóò jẹ́ ₦10,000, VAT ₦7,500, ti ìpínlẹ̀ ₦5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦122,500. Nítorí náà, ẹni tó ní ₦100,000 lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ pàṣẹ oúnjẹ tó ju nǹkan bí ₦81,000 lọ. Àwọn ilé kan ti fi gbogbo rẹ̀ sínú iye mẹ́nù. Àwọn mìíràn kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń bójú tó, sọ pé kí iye ọjà hàn sí oníbàárà, kí a má sì gbà ju iye tí a fi hàn lọ. Ẹni tó bá rí owó kan lórí bíìlì tí kò sí lára mẹ́nù rárá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, lọ́wọ́ mánẹ́jà, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọdébìnrin tó gbé àwo.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé owó iṣẹ́ ni ẹ̀bùn fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò ilé oúnjẹ ló ń lọ, bí wọ́n sì ṣe ń pín in yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ̀bùn ni èyí tí oníbàárà fi tinútinú fún òṣìṣẹ́, ọwọ́ sí ọwọ́ ló sì dára jù. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ṣọ́ alẹ́ àwọn méjì náà dáadáa tọ́ sí i.

Káàdì lè kọ̀, nẹ́tíwọ̀kì lè lọ. Ọ̀nà ìsanwó méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ẹnìkejì lálejò pátápátá, ó lè lọ sanwó níbi káúńtà nígbà tí ohun dídùn ń bọ̀, kí bíìlì má baà dé orí tábìlì.

Kéèkì, orin àti ìyàlẹ́nu

Ilé oúnjẹ kan lè gba owó lórí ọtí tàbí kéèkì tí oníbàárà gbé wá láti ìta. Kí a béèrè ṣáájú. Ẹni tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú iná ńlá nílò àyè lọ́wọ́ mánẹ́jà, nítorí àwọn tábìlì yòókù náà sanwó fún alẹ́ wọn. Ní ti ìyàlẹ́nu, ibi tí a ń lọ ni kí a fi pamọ́, kì í ṣe ọjọ́ àti aago. Obìnrin tí wọ́n kàn sọ fún ní aago márùn-ún pé kó múra kò ní àyè láti ṣe irun tàbí wá ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ onítìjú, kí a kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má wá kọrin yí tábìlì ká.

Pípadà sílé

Ọ̀nà máa ń já lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí yóò wakọ̀ kò gbọdọ̀ mu ọtí. Bí ó bá jẹ́ Uber tàbí Bolt ni, kí a pè é nígbà tí a bá béèrè bíìlì, nítorí bíìlì, POS àti dídé ọkọ̀ sábà máa ń gba ìṣẹ́jú kan náà. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, kí a ní kí wọ́n dì í. Owó ike rẹ̀ kéré, ẹja tí a ti sanwó rẹ̀ sì dùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì.